Fífi Yorùbá yẹ Gẹ̀ẹ́sì wò: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí “live” àti “leave” ń dàrú mọ́ lójú

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má mú lẹ́tà ìwáṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé ní Àgbádárìgì, kí n má sì bá “I am leaving at Ajara” nínú rẹ̀. Ohun tí ẹni náà ní lọ́kàn ni pé Ajara ni òun ń gbé. Ohun tí ìwé rẹ̀ wí ni pé òun ń kúrò ní Ajara, ta ni yóò sì gba ẹni tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ síṣẹ́? Bí mo bá fi ìka tọ́ ọ, kíá ni ẹni tó ni ìwé máa ń rí i. Ó mọ “live”, ó mọ “leave”, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní méjèèjì láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò ní ni nǹkan tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Yíyẹ̀wò yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. N kò ní kó igba ọ̀rọ̀ jọ fún yín láti há sórí, nítorí pé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kún inú àwọn ìwé tí a fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti JAMB, àwọn tó sì há a sórí ṣì ń ṣì í kọ. Èdè tí ẹ ti mọ̀ dunjú, ìyẹn Yorùbá, ni a ó fi wọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ẹ nílò

- Ohun tí ẹ ti kọ fúnra yín ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán ojú ìwé márùn-ún: lẹ́tà, àròkọ, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp, ohunkóhun tí ẹlòmíràn kò tíì bá yín tún ṣe.
- Ìwé nóòtì kékeré kan àti báírò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra.
- Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ti orí fóònù náà tó.
- Ẹnìkan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù yín lọ, tí kò sì ní tijú yín.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìlà pupa tí kọ̀ǹpútà máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí sípẹ́lì rẹ̀ kò sí níbì kankan ni ìlà náà sábà máa ń mú. “Leave” jẹ́ ojúlówó ọ̀rọ̀, nítorí náà yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ pé ní ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ti fóònù tilẹ̀ burú jù, òun gan-an ló máa ń bá èèyàn yí “its” padà sí “it’s” láìtọrọ àyè.

Ìpele kìíní: Ẹ kó àṣìṣe tiyín jọ

Ẹ ka ojú ìwé márààrún náà, kí ẹ sì fi báírò kan fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mú yín dúró díẹ̀ láti rò ó bóyá òun ló tọ́. Ẹ má tíì wá ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìwé náà fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù yín lọ, kí ó fi báírò kejì fa ìlà sábẹ́ èyí tí ẹ kọ láìbìkítà ṣùgbọ́n tí kò tọ́. Àwọ̀ kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ohun tí a ń ṣiyè méjì lé lórí, a máa ń béèrè. Èyí tó dá wa lójú ni a máa ń fi gàdàgbà gadagba kọ sórí pátákó.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà níhìn-ín ni pé wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á sì da gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀ kọ sínú nóòtì tiwọn, títí kan èyí tí wọn kò ṣe rí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí àkójọ yín bá kọjá ogún ọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa kó ti ẹlòmíràn mọ́ tiyín, bí kò bá sì tó márùn-ún, ẹni tó bá yín kà á ń ṣàánú yín ni.

Ìpele kejì: Ẹ pín wọn sí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta

Ní iwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ ní Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ló jáde fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, bí “yá” ṣe jẹ́ fún “borrow” àti “lend”, inú apẹ̀rẹ̀ kìíní ni kí ẹ jù ú sí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì tí kò bá ara wọn tan rárá, bí “gbé” àti “kúrò”, a jẹ́ pé etí ló tàn yín jẹ, apẹ̀rẹ̀ kejì nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ kẹta wà fún àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń jiyàn lé lórí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: apẹ̀rẹ̀ kìíní ló yẹ kí “learn” àti “teach” wà, apẹ̀rẹ̀ kejì ló yẹ kí “price” àti “prize” wà. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele kẹta: Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó di méjì ní Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn olùkọ́ wa máa ń kìlọ̀ pé kí a má ro Yorùbá bí a bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun tó ń kó bá wa ni pé a kì í ro Yorùbá náà délẹ̀. A máa ń mú ọ̀rọ̀ kan péré, a sì máa ń fi ìyókù gbólóhùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ìyókù yẹn gan-an ni ìdáhùn wà.

Ẹ wo “yá”. “Ó yá mi lówó” àti “Ó yá owó lọ́wọ́ mi” kò dárú mọ́ ọmọ Yorùbá kankan lójú, ọmọ ọdún mẹ́rin mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni “lọ́wọ́”. Bí “lọ́wọ́” bá wà níbẹ̀, “borrow” ni, “from” ni yóò sì tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ẹni tí a fún ló tẹ̀ lé “yá” tààrà, “lend” ni. (Ẹ ṣọ́ra o: “lówó” tó wà nínú “yá mi lówó” kì í ṣe “lọ́wọ́”. Owó ni, ọwọ́ kọ́. Mo ti rí ẹni tí àmì ìsàlẹ̀ yìí kó bá.) Nítorí náà, “Please borrow me 5,000 naira” kò lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tó ń wá owó, nítorí pé “yá mi” ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò sí “lọ́wọ́” kankan níbẹ̀. “Lend me” ni.

Òfin kan náà ló tún ń tú “kọ́” palẹ̀. “Ọ̀gá mi kọ́ mi ní aṣọ rírán”: èèyàn ló tẹ̀ lé “kọ́”, nítorí náà “teach” ni. “Mo kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ọ̀gá mi”: iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, “lọ́dọ̀” sì tún jáde, nítorí náà “learn” ni. Ní kúkúrú, níbi tí “lọ́wọ́” tàbí “lọ́dọ̀” bá wà, nǹkan náà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Fún “gbọ́”, ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ òórùn, “smell” ni. Bí ó bá jẹ́ èdè, “understand” tàbí “speak” ni. Bí ó bá jẹ́ ariwo tàbí ìròyìn, “hear” ni. Ẹni tó bá kọ “I am hearing the smell of fish” ti ro ọ̀rọ̀ ìdajì.

“Ẹsẹ̀” àti “ọwọ́” gba sùúrù díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń kọ̀wé sí dókítà. Bí ibi tó ń dùn yín bá jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ibi tí bàtà bò, “foot” ni. Bí ó bá jẹ́ ojúgun, orúnkún tàbí itan, “leg” ni. Bí ẹ bá lè pè é ní apá, “arm” ni. Bí ó bá ti rékọjá ọrùn ọwọ́ lọ sí ìka, “hand” ni. Ìka ẹsẹ̀ kì í ṣe “finger” láéláé, “toe” ni.

Èyí tó ṣòro jù ni “ó” àti “wọ́n”, nítorí pé Yorùbá kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ó sì máa ń fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún ẹni kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni “My father said they are coming” ti ń wá, tí ẹni tó kà á á sì máa wò ó bóyá bàbá náà kó èrò lẹ́yìn. Fún gbogbo “wọ́n” tí ẹ bá ti ro, ẹ bi ara yín pé: èèyàn mélòó ni? Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan, “he” tàbí “she” ni. “He” kò rí bàbá fín. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ” àti “o” bí àwa ṣe ní in.

Níbi mìíràn, Yorùbá ti là á tẹ́lẹ̀, àwa ni a kò wò ó. “Please remember me about the meeting” kò yẹ kó jáde lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé rírántí yàtọ̀ sí rírán ni létí. Rántí, “remember”. Rán létí, “remind”.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá ní Yorùbá pẹ̀lú yá, kọ́, gbọ́, ẹsẹ̀ àti wọ́n, kí ẹ sì pa ìwé dé. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ atọ́nà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí mẹ́sàn-án bá tọ́, ẹ ti yege.

Ìpele kẹrin: Ọ̀rọ̀ tí etí kò lè yà sọ́tọ̀

Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, kò sì sí V tàbí Z nínú wọn. Nítorí náà, “price” àti “prize” máa ń dún bákan náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni “lose” àti “loose”, bẹ́ẹ̀ ni “safe” àti “save”. “I” gígùn àti “i” kúkúrú náà jọ ara wọn létí wa, ohun tó sọ “live” di “leave” nìyẹn. Ẹ má tún pe ọ̀rọ̀ náà léraléra kí ẹ lè mọ sípẹ́lì rẹ̀. Etí tó ti tàn yín jẹ lẹ́ẹ̀kan yóò tún tàn yín jẹ. Ẹ yí i sí Yorùbá, kí ẹ sì wo èyí tó bá jáde.

Mo kọ́ èyí nínú àdánù. Ilé ìwé kan gbé iṣẹ́ bánà fún mi, wọ́n fẹ́ polówó ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Mo tẹ “Accommodation for Borders” gàdàgbà, wọ́n sì gbé e kọ́ sí etí títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan ti béèrè bóyá àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n ń fún ní yàrá. “Boarder” ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà. “Border” ni ibodè. Láti inú àpò ara mi ni mo ti tún bánà náà tẹ̀, bí mo bá sì ti ro “ibodè” lásán kí n tó tẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́, n kì bá tí náwó yẹn.

Àwọn tó máa ń yọ wá lẹ́nu jù nìwọ̀nyí, pẹ̀lú Yorùbá tí ẹ ó fi dán wọn wò:

- “has” ni bí ẹ bá lè sọ “ti” tàbí “ní”. “As” ni bí ó bá jẹ́ “gẹ́gẹ́ bí”. “He as gone” kò lè tọ́, nítorí pé “ó ti lọ” ni.
- “his” ni bí ó bá jẹ́ “rẹ̀”. “Is” ni bí ó bá jẹ́ “ni” tàbí “jẹ́”. “This his my brother” ń wí pé “èyí rẹ̀ àbúrò mi”.
- “than” ni bí “ju” bá wà níbẹ̀. “Then” ni bí ó bá jẹ́ “nígbà náà” tàbí “lẹ́yìn náà”.
- “there” ni “ibẹ̀”. “Their” ni “wọn” tó tẹ̀ lé nǹkan, bí i “ilé wọn”.
- “your” ni “rẹ” tàbí “yín”. “You’re” ni “o ń” tàbí “o jẹ́”. Bákan náà ni “its” ṣe jẹ́ “rẹ̀”, tí “it’s” sì jẹ́ “ó jẹ́” tàbí “ó ti”.
- “lose” ni pàdánù. “Loose” ni ohun tó dẹ̀, tí kò fún. Iṣẹ́ kì í dẹ̀, nítorí náà “I don’t want to loose my job” ti ṣubú.

Ọ̀nà kan tún wà fún àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, tí èkejì sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa sì ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn wo lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìmọ̀ràn fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, “advice” ni. Gbà nímọ̀ràn kò fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, “advise” ni. Ìgbàgbọ́, “belief”, gbà gbọ́, “believe”. Ẹ̀rí, “proof”, jẹ́rìí, “prove”. Èémí, “breath”, mí, “breathe”. Ìdánrawò, “practice”, dánra wò, “practise”. Ìwé àṣẹ, “licence”, bí ó ṣe wà lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín; fún láṣẹ, “license”. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ nínú méjì tó gbẹ̀yìn yìí: “practice” nìkan ni wọ́n ń lò fún méjèèjì, “license” nìkan sì ni fún èkejì. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ ní Nàìjíríà, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan.

Ìkìlọ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ tí a fi àpètúnpè ṣe, bí i kíkọ àti yíyàn, kì í fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá jáde, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn fi dán an wò, tàbí kí ẹ ṣí ìwé atúmọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tún ka ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ yín, kí ẹ máa yí kìkì àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ìlà sábẹ́ sí Yorùbá. Gbólóhùn tí kò bá tọ́ yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe WAEC, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín lásán: nínú máàkì 50 tó wà fún àròkọ, 10 wà fún sípẹ́lì, àmì ìkọ̀wé àti gírámà.

Ìpele karùn-ún: Ọ̀rọ̀ tí a fi ń jiyàn

Níbí, Yorùbá kì í ṣe adájọ́ mọ́. Ẹni tí yóò ka ìwé yín ni adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, wà ní etí ọ̀sà ní Marina ní Àgbádárìgì níhìn-ín, àwọn àlejò tó ń wá wò ó sì máa ń jiyàn lórí bóyá “story” ni tàbí “storey”. Apẹ̀rẹ̀ kejì ló parí ìyẹn: bí ó bá jẹ́ ìtàn, “story”, bí ó bá jẹ́ àjà ilé, “storey”, àyàfi ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kọ “story” fún méjèèjì. Àríyànjiyàn gidi wà nínú kíkà. Àwa máa ń pe ilé tó ní ìsàlẹ̀ àti òkè kan ní “one-storey”, nítorí pé òkè nìkan ni à ń kà. Gẹ̀ẹ́sì ń ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, “two-storey” ni ilé kan náà lọ́dọ̀ wọn. Àríyànjiyàn yìí dùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ ìpolówó ilé fún ẹni tó wà lókè òkun, ẹ kọ “ground floor and one upper floor”, kí ó má baà sanwó tán kí ó wá máa wá àjà kejì.

“Next tomorrow” tí àwọn olùkọ́ ń nà wá sí ńkọ́? Ọ̀túnla ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò fún un ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, “the day after tomorrow” ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù January 2020, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford gbà á wọlé pẹ̀lú “danfo”, “okada” àti “barbing salon”, ọ̀rọ̀ 29 láti Nàìjíríà lápapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn jiyàn lè fi jiyàn. Síbẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò, nítorí pé ìwé atúmọ̀ ń sọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, ẹni tó ń fún ni ní máàkì ń wá ohun tí wọ́n ní kí ó wá.

“Severally” wà nínú ọ̀rọ̀ 29 náà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Àwa ń lò ó fún “lọ́pọ̀ ìgbà”. Nínú ìwé òfin, “lọ́kọ̀ọ̀kan” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúró fún ẹlòmíràn láti yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, tí ẹ sì bá “jointly and severally liable” nínú ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, ohun tó ń wí ni pé wọ́n lè mú ẹ̀yin nìkan kí ẹ san gbogbo gbèsè náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn mọ́ nígbà yẹn.

“Sorry” fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, nígbà tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé òkúta sọ́nà, “pẹ̀lẹ́” ni, ẹ máa sọ ọ́ láàárín ara yín. Òyìnbó tó bá dá yín lóhùn pé kì í ṣe ẹ̀bi yín kò bínú. “I’m coming” nígbà tí ẹ ń jáde lọ ni kí ẹ fi sílẹ̀ sílé. “I’ll be right back” ni kí ẹ sọ fún àlejò, kí ó má baà dúró máa wojú yín. Fún “less” àti “fewer”: ohun tó bá ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, “fewer”, ohun tí a ń wọ̀n, pẹ̀lú owó, àkókò àti ibùsọ̀, “less”.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní iwájú gbogbo ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ kẹta, ẹ kọ orúkọ irú ẹni tí ẹ lè kọ ọ́ sí láìbẹ̀rù. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ dà á nù.

Ìpele kẹfà: Kí ìwé tó jáde lọ́wọ́ yín

Ẹ fi ìwé sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí àyè bá wà. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ máa bọ̀ wá sókè, nítorí pé bí ẹ bá kà á láti òkè, ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni ojú yín yóò máa rí, kò ní rí ohun tí ẹ kọ. Kìkì ọ̀rọ̀ inú àkójọ tiyín ni kí ẹ máa wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi lẹ́tà Ajara dán an wò. “I am leaving at Ajara.” Yorùbá rẹ̀ ni “Ajara ni mò ń gbé”. Gbé, “live”. A ti tún ìyẹn ṣe, ọ̀pọ̀ a sì dúró síbẹ̀. “At” ńkọ́? “Ní” ni, “ní” sì tún ni “in”, apẹ̀rẹ̀ kìíní la tún padà sí. Ẹ béèrè ohun tó tẹ̀ lé “ní”: bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì tó ní nọ́ńbà, “at” ni, bí ó bá jẹ́ ìlú tàbí àdúgbò tí èèyàn lè rìn yíká nínú rẹ̀, “in” ni. Èyí tí mo tẹ̀ fún ẹni tó ni lẹ́tà náà nìyí: “I live in Ajara.”